Bí Mo Ṣe Lọ Mú Sàlàkọ́ Agbénámì Bọ̀ Láti Ìlú Ìwòran

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ Òkè-Koóko, ṣùgbọ́n ẹ má sún mọ́ mi jù, nítorí bí ìtàn yìí bá dùn dé ibì kan, mo máa ń ta ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí ó ti lọ báyìí, nítorí n kò ní padà sẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni Ọdẹ́yalé Apẹrin-Má-Fọ́nnu. Erin tí mo ti pa kò ṣeé kà. Ẹfọ̀n tí ó rí mi tí ó dọ̀bálẹ̀ kò lóǹkà. Ẹkùn kan tilẹ̀ wà ní etí odò wa yìí tí ó fi orúkọ mi sọ ọmọ rẹ̀. N kì í fọ́nnu o. Ẹ bi Àṣàkẹ́, ìyàwó mi, tí ó jókòó síbẹ̀ yẹn tí ó ń bó ẹ̀gúsí.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ń sọ? Ó ní, "Bàbá Àlàbá, ẹ máa sọ ìtàn yín lọ. Ẹkùn wo ló ń sọmọ lórúkọ?" Bí a ṣe ń gbé nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ.

Ní ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, koóko ni a fi bo gbogbo ilé ìlú yìí, páànù kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, òrùlé a gbẹ, ìgbẹ́ a gbẹ, iná ìgbẹ́ a sì máa gun òkè bọ̀ wá bá wa. Ìlú mìíràn ti jó tán lójú wa. Tiwa kò jó, nítorí pé a ní Sàlàkọ́.

Sàlàkọ́ yìí, iná ni ó máa ń gbé mì. Àmútọ̀runwá ni. Ní ọjọ́ ìkómọ rẹ̀, wọ́n gbé àtùpà sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀, ọmọ yán, àtùpà kú. Nígbà tí ó dàgbà, bí iná ìgbẹ́ bá dé, a ó kàn ké pé, "Sàlàkọ́ o, iná o!" bí ẹni ń pe ọmọ kí ó wá lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́. Yóò jáde, yóò ya ẹnu, gbì! ó gbé iná mì. Yóò gùnfẹ̀, èéfín a gba etí rẹ̀ méjèèjì jáde, àwa a sì padà sídìí ọpọ́n ayò wa. Kò sí ẹni tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ta ní í dúpẹ́ lọ́wọ́ òrùlé pé ó bo òun? Ìyá rẹ̀ nìkan ni ó máa ń fún un ní ẹ̀kọ tútù.

Ní ọjọ́ kan, iwin kan gba àárín ìlú wa kọjá. Ẹlẹ́nu-Méjì ni orúkọ rẹ̀. Ẹnu kan wà níwájú rẹ̀ tí ó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu kejì wà ní ìpàkọ́ rẹ̀ tí ó ń sọ òótọ́. Ó bá Sàlàkọ́ níbi tí ó ti ń gbé iná ìdí ìkòkò àdín kan mì kí ó má bàa ran ilé.

Ẹnu iwájú ní, "Háà! Irú agbára yìí! Ojú mélòó ló ń wò ó?"

Sàlàkọ́ wò yí ká. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, èmi wà níbẹ̀, Bàbá Ẹlẹ́mu tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́ sì wà níbẹ̀. Ó ní, "Ojú márùn-ún ni."

Iwin ní, "Ṣíọ̀! Ní ọ̀dọ̀ wa ní Ìlú Ìwòran, ojú tí yóò máa wò ọ́ yóò pọ̀ ju ewé igbó lọ. Ilé Gíláàsì ni a ó fi ọ́ sí, ìwọ àti àwọn alágbára ẹgbẹ́ rẹ. Ẹni tí ojú bá fi sílẹ̀, a ó tì í jáde. Ẹni tí ó bá kù gbẹ̀yìn ni yóò di Gbajúmọ̀ Ayé." Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo wá mọ̀ pé ẹnu ìpàkọ́ ń sọ nígbà náà pé, "Mo tún ti rí òmùgọ̀ mìíràn." Ajá mi ló wà lẹ́yìn tí ó gbọ́, ó sì gbó títí, ṣùgbọ́n iwájú ni gbogbo wa dúró sí. Bí Sàlàkọ́ ṣe tẹ̀ lé e lọ nìyẹn.

Òjò rọ̀ títí, òjò dá. Nígbà tí ìkùukùu àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, Ìyá Sàlàkọ́ wá bá mi. Ó jókòó, kò gba omi tí a gbé fún un. Ó ní, "Ọdẹ́yalé, ọyẹ́ ń bọ̀. Bí iná bá dé tí ọmọ mi kò sí nílé, kò sí òrùlé kan tí yóò kù ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí iná nìkan. Ọmọ yẹn kì í rántí jẹun bí n kò bá pè é. Jọ̀wọ́, bá mi mú un wálé."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ojú tí ó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù." Mo gbé ìbọn mi kọ́ èjìká, Àṣàkẹ́ di àádùn fún mi, mo sì wọ inú igbó.

N kò ní fi ọ̀nà dá yín lágara. Ẹnubodè Igbó Ìwòran ni mo bá ara mi. Iwin tí ń ṣọ́ ibẹ̀ kò ní ojú rárá, imú ni ó fi gbogbo iwájú rẹ̀ ṣe. Ó gbóòórùn mi, ó ní, "Ọdẹ, kò sí ẹni tí í kọjá níbí láìjá àlọ́ mi. Bí o bá kùnà, imú ni n ó fi fà ọ́ wọlé. Kí ni ó ń rí gbogbo ayé tí kò rí ara rẹ̀ rí?"

Mo ní, "Ìyẹn náà ni àlọ́? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni! Gbogbo àléébù ọmọ aráyé ni ó ń rí. Tirẹ̀, kò rí i rí."

Iwin náà la ẹnu, ó fẹ́ sọ pé ojú ni ìdáhùn rẹ̀, ẹ̀rín sì pa á. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sín. Sísín tí ó sín ni ó gbé mi la ẹnubodè kọjá. Àṣàkẹ́, má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló gbà mí lọ́wọ́ ikú níjọ́ náà, ó yẹ kí inú rẹ dùn.

Ibi tí mo balẹ̀ sí burú ju ibi tí mo ti kúrò lọ. Oríta kan ni, àwọn ènìyàn sì kún ibẹ̀ bí eèrùn. Olúkúlùkù wọn wọ pátá lé orí ṣòkòtò, wọ́n so aṣọ gígùn kan mọ́ ọrùn tí ó ń wọ́ nílẹ̀. Àwọn alágbára tí Ilé Gíláàsì ti tì jáde ni wọ́n. Ọ̀kan di apá mi mú, ó ní, "Ṣé o mọ̀ mí?"

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Yéè! Ó bú sẹ́kún, omijé rẹ̀ sì kún dé orókún mi. Èkejì di apá kejì mú, ó ní, "Èmi ńkọ́? Ṣé o mọ̀ mí?" Mo rántí omijé ti àkọ́kọ́, mo yára ní mo mọ̀ ọ́n. Ìyẹn tún burú jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ bí ó ṣe fi ìka kan ṣoṣo dá ìjì dúró, àti aṣọ tí ó wọ̀ níjọ́ náà, àti ẹni tí ó bú u, àti bí òun náà ṣe bú ẹni náà padà. Òrùn kúrò ní àárín ọ̀run, ìtàn rẹ̀ kò tíì dé orí irun tí ó gé níjọ́ náà. Àwọn yòókù sì tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń dúró de tiwọn. Àádùn mi ń tán lọ.

Ọgbọ́n wá sọ sí mi. Mo fo sókè, mo pàtẹ́wọ́, mo wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní, "Ẹ̀yin nì yí? Ẹ̀yin gan-an? Kò lè jẹ́ ẹ̀yin!" N kò sọ pé mo mọ̀ wọ́n, n kò sì sọ pé n kò mọ̀ wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń tún pátá wọn ṣe, wọ́n ní, "Àwa ni o. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu." Wọ́n sì yà fún mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ọgbọ́n yìí pamọ́, ó wúlò níbi ìnáwó.

Bí mo ti ẹsẹ̀ bọ Ìlú Ìwòran, mo ní, "Ẹ kú ilé o." Ọ̀rọ̀ náà kò lọ. Ó yọ lẹ́nu mi bí ìfófò ọṣẹ, ó fẹ̀, ó dúró sókè orí mi, ó sì kọ ara rẹ̀ sí àárín ara rẹ̀. Èmi tí n kò mọ ìwé, mo ń kà á geerege. Mo fẹ́ sáré, mo forí gbá a. Mo yìnbọn sókè láti dẹ́rù bà wọ́n. Ariwo ìbọn náà kò dún, ṣe ni ó jáde ní GBÒÀÀ, lẹ́tà ńlá ńlá, pupa yòò, ó sì já lé mi lẹ́sẹ̀. Títí di òní, bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ọmọńdinrín mi mọ̀.

Ìyẹn kò tíì tó. Ohun tí ènìyàn ń rò nínú náà a máa yọ lẹ́bàá etí rẹ̀, kéékèèké, gbogbo ayé a sì rí i kà. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọfọ̀ mi ṣiṣẹ́. Kí n tó pè é délẹ̀, àwọn ọmọ iwin ti kà á tán lórí mi, wọ́n sì ń fi ṣeré.

Ẹlẹ́nu-Méjì jáde sí mi lẹ́nu ọ̀nà Ilé Gíláàsì. Ó ní, "Kí ni agbára tìrẹ?"

Mo ní, "Ọdẹ lásán ni mí, n kì í fọ́nnu." Mo wá fi díẹ̀ kún un. Mo mẹ́nu kan erin. Mo mẹ́nu kan ẹfọ̀n. Nígbà tí mo dé orí ẹkùn tí ó sọ ọmọ rẹ̀ ní orúkọ mi, ìfófò tí ó wà lórí mi ti tóbi ju ilé Baálẹ̀ lọ. Ó gbé mi nílẹ̀. Mo ń dì í mú, mo ń tapá mo ń tasẹ̀, ó sì gbé mi fo ògiri gíláàsì, ó jù mí sáàárín àgbàlá. Bí mo ṣe wọlé nìyẹn. Ó dà bí ẹni pé Àṣàkẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀? Ó dáa.

Ẹ wá wo àwọn alágbára inú ilé yẹn! Ọ̀kan wà tí ń jẹ́ Gbókè-Gbókè. Ó lè fi àtàǹpàkò gbé òkè, ṣùgbọ́n omi ìwẹ̀ tirẹ̀, ẹlòmíràn ní í bá a pọn ọ́n. Òmíràn ń jẹ́ Fò-Bí-Àṣá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa yọ ìyá arúgbó kan nínú kànga ní ọ̀sán gangan. Ẹlẹ́nu-Méjì ní í ju ìyá náà sí kànga. Ìyá arúgbó ti mọ iṣẹ́ náà débi pé òun fúnra rẹ̀ ń gbé àkàbà wá. Mo gbọ́ tí ó ń pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Fò-Bí-Àṣá, o pẹ́ lónìí! Òtútù ń mú mi!" Ìyẹn ṣì ń wo irun rẹ̀ nínú gíláàsì.

Obìnrin kan sì wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Àìrí. Agbára tirẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò lè rí i. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ lé jáde, nítorí pé ojú kankan kò wò ó. Ṣùgbọ́n kò lọ. Ta ni yóò mọ̀? Ó jókòó sínú ilé, ó ń jẹ ẹ̀wà wọn. Òun ló sọ̀rọ̀ sí mi létí nígbà tí mo balẹ̀, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ kú àbọ̀. Mo kà á lẹ́bàá etí yín: ẹni tí ẹ ń wá wà níbi iná. Wọ́n ń sun ilé koóko kan fún un lójoojúmọ́ kí ó lè rí nǹkan gbé mì."

Mo bá Sàlàkọ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ti sanra, ó tún wọ pátá pupa lé orí ṣòkòtò. Ó gbé iná mì, ó yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ní, "Sàlàkọ́, ìyá rẹ ló rán mi. Ọyẹ́ ti dé tán. Dìde ká máa lọ."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn o. Ẹ padà sílé. Àwa díẹ̀ ló kù. N ó di Gbajúmọ̀ Ayé. Nílé, ta ló mọ̀ mí? Ẹ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí?"

Òótọ́ ni ó sọ. Ìtìjú bò mí. Ṣùgbọ́n mo rí ìfófò kékeré kan tí ó yọ lẹ́bàá etí rẹ̀. Ohun tí ó kọ ni pé: "Bí ojú bá kúrò lára mi, n kò lè gbé iná mì mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí." Ó fi ọwọ́ bò ó kíákíá. Mo ṣe bí ẹni pé n kò rí i. Mo wá mọ̀ pé ojú àwọn òǹwòran ti di oúnjẹ fún agbára rẹ̀, kò sì lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde.

Mo wá gbójú sókè wo àwọn òǹwòran náà. Ẹ̀yin ènìyàn mi! Orí òkè ni wọ́n jókòó sí yí ilé náà ká, iwin lọ́kùnrin lóbìnrin, ojú ni wọ́n fi bo gbogbo ara. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wòran débi pé ewéko ti hù lé ẹsẹ̀ wọn, ẹyẹ sì ti yé sí orí àwọn mìíràn. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ìyá mi kọ́ mi nílé. N kò lè rí àgbà tí ó jókòó kí n má kí i. Mo bọ́ fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ kú ìwòran o, ẹ̀yin àgbà!"

Gbogbo òkè mì. Ẹlẹ́nu-Méjì sáré wọlé, ó ní, "A kì í kí wọn! Ṣe bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀!"

Mo ní, "Ìwọ iwin yìí, ta ló tọ́ ọ? Kí n rí àgbà, kí n ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀? Bí ìyá mi bá gbọ́ nínú sàréè, yóò jáde wá fọ́ mi létí." Mo tún dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìwòran o!"

Bàbá iwin kan wà tí ewéko ti bò dé àyà, ó mi orí. Ẹ mọ̀ pé àgbà kì í gbọ́ ìkíni kí ó panu mọ́. Ó fi tipátipá sọ̀rọ̀, ó ní, "Hòo. Ẹ kú eré o."

Mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá. Ara ò le bí? Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ó ní, "Wọ́n wà, a dúpẹ́." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró gbọingbọin lókè orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá etí, èyí tí ó yọ ni pé: "N kò mọ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi pé n ó tètè dé."

Ẹni tí ó jókòó tì í kà á. Mo kí ìyẹn náà. "Ẹ kú ìwòran, ìyá. Ilé ńkọ́?" Òun náà ní a dúpẹ́, etí rẹ̀ sì ní: "Mo gbé ẹ̀fọ́ ka iná kí n tó jáde." Mo kí ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Etí tirẹ̀ ní: "Ọmọ mi ń rákòrò nígbà tí mo kúrò nílé. Bóyá òun náà ti ń tọ́mọ báyìí." Mo ń kí wọn lọ, mo ń dọ̀bálẹ̀, mo ń dìde, àyà mi ń lu ilẹ̀, òkè náà sì kún fún ìfófò. Gbogbo wọn ń ka ti ara wọn. Ojú tí kò wo ẹnìkejì rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí wo ẹnìkejì.

Bàbá àkọ́kọ́ dìde. Eegun rẹ̀ ró, lẹ́tà KÀKÀKÀ yí gbirigbiri bọ́ sísàlẹ̀ òkè. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mò ń lọ wo ilé." Wọ́n bá dìde pátápátá. Ẹlẹ́nu-Méjì dúró lójú ọ̀nà, ó ń fi ẹnu iwájú bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ má lọ o! Èyí tí ó dùn jù ló kù!" Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọjá lára rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n wà, ẹnu ìpàkọ́ ni wọ́n sì ń gbọ́. Ìyẹn ń pariwo pé, "Kò sí nǹkan tó kù! Kò sí nǹkan níbẹ̀ rí!" Wọ́n mú eré sí ẹsẹ̀ wọn.

Bí ojú ìkẹyìn ti kúrò, Ilé Gíláàsì yọ́ bí yìnyín. Gbókè-Gbókè ń gbé òkè kan lọ́wọ́, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó di ìbàdí mú. Fò-Bí-Àṣá já sínú kànga, ìyá arúgbó ló gbé àkàbà lọ yọ ọ́. Ti Àìrí kò yí padà rárá. A kàn rí ìkòkò ẹ̀wà tí ó gbéra, tí ó ń dá rìn lọ lójú ọ̀nà, tí ó ń kọrin.

Sàlàkọ́ wá fi ẹnu kan iná kékeré kan tí ó ṣẹ́kù. Iná jó o ní ètè. Ó wò mí, ó bú sẹ́kún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bà mí jẹ́!" Mo fà á lọ́wọ́, mo sì mú un bọ̀. Bí a ti ń bọ̀, èmi náà kò mọ ohun tí n ó sọ fún ìyá rẹ̀, torí agbénámì ni ó rán mi lọ mú, ẹni tí mo sì ń mú bọ̀, iná àtùpà lè jó o.

Ọyẹ́ ti dé nílé kí a tó dé. Iná náà ti dé. Bí a ti wọ ìlú tán ni ó yí òkè ká, kò sí ọ̀nà àbájáde, gbogbo ìlú sì kóra jọ sí ojúde Baálẹ̀ pẹ̀lú ewúrẹ́ àti ẹní wọn. Bí wọ́n ti rí wa, wọ́n hó yèè: "Sàlàkọ́ o, iná o!"

Sàlàkọ́ yíjú sí wa. Ó ní, "Ẹ wò mí! Gbogbo yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí!"

A la ojú sí i, àtọmọdé àtàgbà. Mo rí i tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ó ti fẹ́ ya ẹnu. Ṣùgbọ́n èéfín ní í ṣáájú iná. Ó dé, dúdú, ó bo gbogbo wa, ojú gbogbo ìlú sì pa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi fi ìka fa ìpéǹpéjú mi sókè, omi ni ó ń dà níbẹ̀, n kò rí nǹkan kan.

Mo gbọ́ ohùn Sàlàkọ́ nínú èéfín. "Ṣé ẹ ń wò mí?" Ó tún pè: "Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́yalé, ṣé ẹ ń rí mi?"

N kò lè purọ́ fún un. Mo ní, "Sàlàkọ́, n kò rí ọ."

Mo gbọ́ tí ó kúnlẹ̀. Ó ní, "N kò lè ṣe é. Ẹ dárí jì mí." Ooru iná ti ń jó irùngbọ̀n mi. Mo di ọwọ́ Àṣàkẹ́ mú. Ẹ̀rù bà mí níjọ́ náà, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi Apẹrin, ẹ̀rù bà mí.

Nígbà náà ni ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn wa. Ikọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ó tún wúkọ́, èémí sì fẹ́ gé mọ́ ọn lọ́rùn. Sàlàkọ́ pè, ó ní, "Ìyá?" Ìyá rẹ̀ kò lè dáhùn. Ikọ́ nìkan ló ń bọ̀, ó sì ń lọ sílẹ̀.

N kò rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú mi pa dé. Ṣùgbọ́n etí ọdẹ ni etí mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tí ó sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ bá iná. Mo gbọ́ gbì! Mo gbọ́ gbì! Mo sì gbọ́ ìgùnfẹ̀ kan tí ó ká òrùlé Bàbá Ẹlẹ́mu kúrò lórí ilé.

Nígbà tí èéfín ká, ìlú wà, ewúrẹ́ wà, iná ti lọ. Sàlàkọ́ jókòó sílẹ̀, ó gbé orí ìyá rẹ̀ lé itan, ó ń fún un lómi. A bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn. Bàbá Ẹlẹ́mu búra pé afẹ́fẹ́ ló yí padà, pé afẹ́fẹ́ náà ló sì ká òrùlé òun. Àwọn kan ní òjò díẹ̀ ló ta. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ọfọ̀ mi ni, n kò sì tètè já wọn ní koro. Àṣàkẹ́, mo ní n kò tètè já wọn ní koro, mo já wọn níkẹyìn! Ṣùgbọ́n títí di òní olónìí, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú ara rẹ̀ jẹ́rìí sí Sàlàkọ́.

Ó dùn mí. Lọ́jọ́ kan mo lọ bá a níbi tí ó ti ń tún òrùlé ìyá rẹ̀ bò. Mo ní, "Sàlàkọ́, ìwọ tí o fi ilé sílẹ̀ nítorí ojú ènìyàn. Ohun tí o ṣe níjọ́ náà, kò sí ojú kan tí ó rí i. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló dé tí o kò sọ fún wọn?"

Ó dúró lórí àkàbà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ́tí sínú ilé."

Mo tẹ́tí. Ìyá rẹ̀ wà nínú, ó ń bú adìyẹ kan tí ó da ìyẹ̀fun rẹ̀ nù. Ohùn rẹ̀ ń dún ketekete.

Sàlàkọ́ ní, "Ṣé ó ń wúkọ́?"

Mo ní, "Rárá."

Ó ní, "Ẹ bá mi na koóko yẹn sókè." Mo nà án sí i, ó gbà á, ó sì ń bo ilé ìyá rẹ̀ lọ.

Ibi tí ẹsẹ̀ ìtàn mi mọ rèé. Ẹni tí ó bá ní ó kúrú, igbó ṣì wà níbẹ̀, kí ó lọ wá tirẹ̀.